Bí ìbọn bá dún "púù", ẹ gbé ìka kúrò lórí tírígà

Ara mi kò tíì balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, torí náà bí ọ̀rọ̀ bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ bá mi mú un bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń yìnbọn ní pápá, tí a sì ń tún ọta wa kì fúnra wa, a mọ̀ ọ́n ṣe: a ó ṣa èèpo ọta jọ, a ó fọ̀ ọ́, a ó yọ primer tó ti jó, ìyẹn ìdérí kékeré ìdí èèpo tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, a ó fi tuntun sí i, a ó wọn ẹ̀tù sí i, a ó wá fi orí ọta dé e. Owó díẹ̀, ọta púpọ̀. Èmi náà ń ṣe é, n kò sì ní í ṣíwọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé mo ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Àbúrò ìyàwó mi ló ń yìnbọn, èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìbọn ìléwọ́ 9mm ni, irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ ti ọta tuntun wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló tún ọta náà kì, tó dà á sínú ọ̀rá fún un. Tàù, tàù, tàù. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ púù, bí ìgbà tí ènìyàn já ìdérí ìgò. Ìbọn kò ta á lọ́wọ́. Slide, irin òkè tó ń sáré lọ sáré bọ̀ yẹn, kò sún rárá. Èéfín tín-ín-rín kan ló yọ níbi tí èèpo ọta ti máa ń fò jáde.

Ẹ wá wo ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó gbá ìdí mágásíìnì, àpótí ọta inú èèkù ìbọn, ó fa slide sẹ́yìn, èèpo òfìfo fò jáde, ó tú u sílẹ̀, ọta mìíràn wọlé, slide sì pa dé, ó dé pátápátá. Kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú. Ìka rẹ̀ ti ń padà sórí tírígà. Mo rí i tí orí èékánná rẹ̀ ń funfun bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo "Dúró!", ọwọ́ mi sì ti wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí ohùn mi tó jáde tán.

"Bọ̀dá, kí ló dé? Ó kàn há ni."

"Yọ ìka kúrò. Jẹ́ kí ẹnu ìbọn wà níwájú."

Ó kàn há ni! Gbólóhùn yẹn ni mo ń gbọ́ ní gbogbo òru.

A yọ mágásíìnì, a yọ ọta inú ìbọn, a tú ọ̀pá ìbọn kúrò lára rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, òkùnkùn ni mo rí. Mo ti ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́ láti ẹnu, ó dúró lójijì. Mo fi ìka sàmì sí ibi tó dé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn: orí ọta tó dún púù ti há sí àárín gbùngbùn. Ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá ló há sí, ọta tuntun ì bá má lè wọlé tán, slide ì bá sì kọ̀ láti dé. Ṣùgbọ́n ó ti rìn síwájú tó láti fi àyè sílẹ̀. Lójú ẹni tó dì í mú, ìbọn ti ṣetán. Bó bá fà á, orí ọta kejì á sáré kọlu àkọ́kọ́, agbára tó ń tì í kò sì ní rọ́nà jáde. Nígbà tó bá dára jù, ọ̀pá á wú. Nígbà tí kò bá dára, ó máa ya ni, bí ọwọ́ àti ojú ẹni tó dì í mú ṣe wà nítòsí tó yẹn.

Alágbẹ̀dẹ ìbọn ti orí ọta náà jáde, ó yẹ ọ̀pá wò, kò wú, kò là. Ìyẹn parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí ni ti ìró. Bí kò bá sí ẹ̀tù nínú ọta, primer nìkan lágbára tó láti ti orí ọta wọ inú ọ̀pá kó sì fi í síbẹ̀. Agbára ọta tó jó ló sì ń ti slide sẹ́yìn. Tí ọta kò bá lágbára, slide kò ní sún. Ìbọn tìkára rẹ̀ ti sọ fún yín nìyẹn! Àwa la máa ń pa á lẹ́nu mọ́, torí a ti fi gbígbá-mágásíìnì-fa-slide kọ́ ọwọ́ wa títí ọwọ́ fi ń ṣe é kí orí tó mọ̀. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu lójú ogun ni wọ́n ṣe ìdárayá yẹn fún. Bébà tí à ń yìnbọn fún ní pápá kò lé ẹnikẹ́ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ń lo ọta àtúnkì kò gbọ́dọ̀ ṣe é ní pápá rárá. Àwọn olùkọ́ kan á bá mi jiyàn, kí wọ́n máa bọ̀.

Bó bá dún púù, tàbí tí kò dún rárá, ẹ dojú ẹnu ìbọn kọ ibi àfojúsùn, ẹ ka 30 ìṣẹ́jú-àáyá ó kéré tán, torí ọta mìíràn máa ń pẹ́ kó tó jó. Lẹ́yìn náà kí ẹ tú u, kí ẹ wo inú ọ̀pá. Kí ẹ wò ó. Kì í ṣe kí ẹ rò ó.

Ọ̀rẹ́ tó tún ọta náà kì sọ pé ẹ̀rọ tí òun fi ń kì ọta há lágbedeméjì iṣẹ́, òun sì dáhùn fóònù kí òun tó padà sí i. Ibẹ̀ ni èèpo kan ti kọjá láìgba ẹ̀tù. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju ìyẹn lọ ni pé irú ìdádúró kan náà lè mú kí èèpo mìíràn gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀tù inú ọta 9mm kì í sábà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíráàmù lọ, bó bá sì jẹ́ ẹ̀tù tó ń tètè jó, ìlọ́po méjì rẹ̀ á gbà sínú èèpo láìkún. Ẹ yan ẹ̀tù tó máa ṣàn jáde bí ẹ bá bù ú lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi iná wo inú èèpo kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dé e. Ẹ má tàn ara yín pé ẹ ó wọn ọta tó ti parí lórí ìwọ̀n: èèpo sí èèpo lè yàtọ̀ ju iye ẹ̀tù tí ẹ ń wá lọ.

Àwọn kan á ní ọta ilé iṣẹ́ náà máa ń dún púù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n páálí tiwọn ní nọ́mbà tí wọ́n lè fi pè é padà. Nọ́mbà wo ló wà lára ọ̀rá? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìbọn ìléwọ́, Glock pẹ̀lú, kọ ọ́ sínú ìwé ìlò wọn pé ẹni tó bá lo ọta àtúnkì kò ní ìdánilójú lọ́dọ̀ wọn mọ́. Èmi mọ èyí, mo sì ń lo tèmi, torí mo mọ ọwọ́ tó kì í. Ti ẹlòmíràn, rárá, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó.

Ti orí ọta tó ń rì sínú èèpo náà wà níbẹ̀. Bí ọta kan náà bá ń wọ ìbọn tó ń jáde lójoojúmọ́, orí rẹ̀ ń kọlu irin, ó sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àyè inú 9mm kéré, agbára á sì fò sókè gan-an. Ẹ fi àtàńpàkò ti orí ọta mọ́ tábìlì, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ kò tíì tì. Bó bá kúrú jù ú lọ, kò yẹ fún ìbọn. Ẹ wo ìdí èèpo tó ti jó lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú, torí níbi tí ọta ti ń gun wọlé, irin kò di èèpo mú yíká. Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ́, tí iná á gba inú mágásíìnì sọ̀kalẹ̀ sí ọwọ́. Gíláàsì ojú kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí, ilé lẹ ti ń ṣe wọ́n. Ní pápá, etí ló kù fún yín. Bó bá yàtọ̀, ẹ dúró.

Ọ̀rẹ́ náà ń bínú sí mi báyìí, ó ní mo ba òun lórúkọ jẹ́. N kò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo béèrè kò ju pé kó jẹ́ ká tú ìyókù ọta inú ọ̀rá yẹn palẹ̀, ká sì wọn ẹ̀tù inú wọn níkọ̀ọ̀kan. Títí a ó fi tú u, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà, n kò ní í dá a padà fún àbúrò ìyàwó mi.