Ẹ wo ògiri kí ẹ tó ra ọ̀dà

Bí àdúgbò bá fẹ́ jọ kun àwòrán ńlá sára ògiri, ògiri ló sábà máa ń ba àwòrán náà jẹ́, kì í ṣe ọ̀dà. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Bí omi bá ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì, ọ̀dà á wú, á sì bó. Láti dán an wò, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri náà fún ọjọ́ kan. Bí inú ọ̀rá bá làágùn, ẹ ṣì ní sùúrù.

Àwọn tí kò lè gun àkàbà ńkọ́? Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, níbi tí ètò àwòrán ara ògiri bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1984, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gé e ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 5, ayàwòrán á fa ilà, á kọ nọ́ńbà ọ̀dà sí ojú kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà á sì jókòó kùn ún nínú ilé. Gọ́ọ̀mù akírílíìkì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Afẹ́fẹ́ tó bá há sábẹ́ aṣọ ni wàhálà: láti àárín ni kí ẹ ti máa tì í lọ sí etí.

Ọ̀dà pupa olówó pọ́ọ́kú? Èmi ò gbà yín níyànjú láti lò ó. Oòrùn á pa àwọ̀ rẹ̀ kíákíá.