Wákàtí Mẹ́ta ní Ìlú Ọba, Oṣù Kan ní Nàìjíríà

Nígbà tí mo wà ní Nàìjíríà, agbára káká ni ilẹ̀ ọjọ́ kan fi ń ṣú kí n má gbọ́ kí ẹnìkan béèrè pé èló ni dọ́là lónìí, títí kan ẹni tí kò fojú kan dọ́là rí, nítorí ó mọ̀ pé ibi tí dọ́là bá kọrí sí ni owó ìyẹ̀fun àti ti bẹntiróòlù ń bá a lọ. Ní Ìlú Ọba tí mo ń gbé báyìí, n kò tíì gbọ́ kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì béèrè èló ni pọ́n-ùn. Èmi ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù kí n tó fọ ẹnu. Ìwà ilé ni, kò tíì fi mí sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọwọ́ nínú iye tí wọ́n ń dá lé náírà, tí wọ́n ní kí ọjà máa pinnu rẹ̀. Pọ́n-ùn kan tó jẹ́ nǹkan bí náírà 575 ní báńkì ṣáájú ìgbà náà ti tó nǹkan bí 2,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, oṣù yẹn gan-an ni ìjọba sì sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà láti orí 30,000. Lójú, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n 30,000 àtijọ́ yẹn tó pọ́n-ùn 52, nígbà tí 70,000 tuntun kò ju bíi 35 lọ. Bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn 11.44 ni owó wákàtí kan tó kéré jù lọ níbí lọ́dún náà fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21. Owó tí òṣìṣẹ́ fi odidi oṣù kan wá nílé, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń rí i nídìí ẹrù tí mo ń tò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìṣirò náà, kò sì dùn mọ́ mi.

Àwọn ará ilé rò pé ayọ̀ ni náírà tó já yìí jẹ́ fún àwa tó wà níbí. Òótọ́ ni pé pọ́n-ùn 100 tí mo ń fi ránṣẹ́ ti di òbítíbitì náírà, àmọ́ nígbà tí mo pe ìyá mi láti mọ̀ bóyá ó tó wọn, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọjà ti gbé e."

Àwọn tí owó wọn ń ti ilé wá ló rí ìjà gan-an. Àbúrò kan tí a jọ ń gbé ilé san ìdajì owó ilé-ìwé rẹ̀ kí náírà tó já, ìdajì kejì sì bọ́ sí ìgbà tó ti já tán. Òfin kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wà nínú sáà, kò sì sí bí ìyẹn ṣe lè dí àlàfo náà. Mo bá a nídìí tábìlì ilé ìdáná lóru, ó ń pín náírà bàbá rẹ̀ sí pọ́n-ùn, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń pín in. Bàbá náà ta ilẹ̀ kan nítorí rẹ̀. Kí owó ilẹ̀ tó wọ báńkì, pọ́n-ùn tún ti gòkè.