Ọmọbìnrin William Marshal márùn-ún tí wọn kì í dárúkọ: èmi àti màmá mi ní Chepstow àti Tintern

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó ń bí mi nínú sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Chepstow, níbi tí ilẹ̀ Wales ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington, á sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní Newport. Nígbà tí èmi àti màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Newport, wọ́n ní ọkọ̀ Chepstow kò lọ mọ́, kí a jáde síta kí a lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì wo? Kò sí àkọlé, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí èèyàn lè bi, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọnú egungun. Màmá mi ti lé ní 70 ọdún. Orí ògiri kúkurú kan ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fi ìborùn dì mọ́ra. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé, awakọ̀ ní òun kọ́. Èkejì dé, ó ní àwọn ọ̀gá òun kò tíì ní kí òun gbéra. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo san kì í ṣe kékeré o! Bí ẹ bá máa lọ, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó de èèyàn mọ́ aago kan ṣoṣo, ẹ wọṣọ tó nípọn, kí ẹ sì di oúnjẹ dání.

Ibẹ̀, lẹ́bàá títì, ni màmá ti bi mí pé, “Ta tiẹ̀ ni ọkùnrin tí à ń wá kiri yìí?”

Mo ní William Marshal ni, jagunjagun ẹlẹ́ṣin tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé kò sí náìtì tó jù ú lọ láyé ìgbà tirẹ̀. Gilbert, baba baba rẹ̀, ló ń bójú tó ẹṣin ọba, marshal sì ni wọ́n ń pe oyè náà. Bí ẹ bá mọ Olókùn-ẹṣin ààfin Ọ̀yọ́, ẹ ó tètè lóye irú oyè tí mò ń wí. John, baba William, ló jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin líle ni. Ní 1141, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì tó sá wọ̀ ní Wherwell, òjé tó yọ́ láti òrùlé sì fọ́ ọ lójú kan. Ní 1152, Stephen, ọba England, ká àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́ ilé olódi Newbury. John fi William, ọmọ bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, lé ọba lọ́wọ́ bí ìdógò, ó sì yẹ àdéhùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àwọn máa so ọmọ rẹ̀ kọ́. Èsì tó fọ̀ ni pé òòlù àti owú wà lọ́wọ́ òun tí òun lè fi rọ ọmọ mìíràn tó dára ju ìyẹn lọ.

Màmá pàtẹ́wọ́ mọ́ra. “Háà! Ọmọ tí wọ́n bí? Ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

Sybilla ni ìyá rẹ̀, àbúrò olóyè Salisbury. Ẹnikẹ́ni kò kọ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Stephen ni kò jẹ́ kí wọ́n pa ọmọ náà. Ó mú un wọ àgọ́, àwọn méjèèjì sì ń fi igi ewéko bá ara wọn ṣeré ìjà.

William ni ọmọkùnrin kẹrin baba rẹ̀, nítorí náà kò sí ilẹ̀ tó lè kàn án. Idà àti ẹṣin ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ó ń ti ibi ìdíje ìjà ẹlẹ́ṣin kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Faransé, títí tó fi wọ iṣẹ́ ọba. Ní 1189, nígbà tó ti lé ní 40 ọdún, wọ́n fún un ní ìyàwó: Isabel de Clare, ọmọ Richard de Clare, olóyè tí wọ́n ń pè ní Strongbow, àti Aoife, ọmọ ọba Leinster ní Ireland. Ìyàwó yìí ló ni Chepstow, òun ló ni ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Leinster, ipasẹ̀ rẹ̀ náà sì ni ọkọ rẹ̀ gbà di olóyè Pembroke ní 1199. Ọ̀dọ̀ obìnrin ni ọrọ̀ ọkùnrin náà ti wá. Gbogbo ohun tí mo kà kí n tó kúrò nílé ló ń ròyìn idà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń dárúkọ ìyàwó, wọ́n á sì kọjá.

Bọ́ọ̀sì gbéra níkẹyìn.

Ilé olódi Chepstow dúró lórí àpáta lókè odò Wye, láti 1067 ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. N kò ní yí òótọ́ padà: ó tó owó ìwọlé rẹ̀. Ohun tó mú mi dúró pẹ́ ni ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ti yọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní 1962, tí wọ́n gbé sínú ilé kí òjò má bàa jẹ ẹ́ tán. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n kàn bo ojú rẹ̀ níta. Ní inú, wọ́n dábùú igi lórí igi, wọ́n ki orí ọ̀kan bọ ihò èkejì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó sì tẹ̀wọ̀n lójú. Àwọn tó yẹ òrùka inú igi náà, tó ń fi ọjọ́ orí igi hàn, wò ní ó ti wà kó tó kọjá 1190, nígbà ayé William àti Isabel. Bàbá àgbà mi, baba màmá, káfíńtà ni. Màmá tẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yẹn tí wọ́n ń wo oríkèé rẹ̀, wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti oúnjẹ. Ilé tíì kan nínú ìlú gba ohun tó lé ní 25 pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi nítorí búrẹ́dì oníwàràkàṣì méjì, ọbẹ̀ olómi kan àti tíì. Búrẹ́dì gan, ọbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọbìnrin tó gbé e wá kò sì wojú wa. Nígbà tí mo ní kí ó bá wa gbé ọbẹ̀ náà padà sórí iná, ó ní bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn. Èyí dùn mí gan-an, nítorí àgbàlagbà tí òtútù ti pa láti àárọ̀ ni mo bá wá.

Orí tábìlì náà ni mo ti parí ìtàn. William àti Isabel bí ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún. William gba ilẹ̀ kan lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Ferns ní Ireland, kò sì dá a padà títí tó fi kú ní 1219. Matthew Paris, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tó kọ ìtàn ìgbà náà, ní bíṣọ́ọ̀bù yìí bẹ àwọn ọmọ, wọ́n kọ̀, ló bá ṣépè pé orúkọ ìdílé náà máa parẹ́ láàárín ìran kan. William kejì kú ní 1231. Ọgbẹ́ ogun pa Richard ní Ireland ní 1234. Ẹṣin ṣe ikú pa Gilbert níbi ìdíje ní 1241. Walter kú ní November 1245, Anselm tẹ̀lé e ní December. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ọmọ tí òfin gbà sílẹ̀.

Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀. “Èpè bíṣọ́ọ̀bù ha kan àwọn obìnrin bí?”

Ọmọbìnrin mẹ́rin ni màmá mi bí. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé bàbá mi ń sọ láti kékeré, pé ilé wa ti kú. Ìdí tí mo fi mú wọn wá Wales gan-an nìyẹn, ibi tí mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ni Tintern, tí kò jìnnà sí Chepstow rárá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ibẹ̀ yọ̀ mọ́ wa, ó dúró kí màmá jókòó dáadáa kó tó gbéra, inú mi sì rọ̀ láti ìgbà náà.

Tintern jẹ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1131. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Isabel ìyàwó William sí ní 1220, ibẹ̀ ni Walter àti Anselm wà. Ní 1248 ni wọ́n gbé Matilda, àkọ́bí obìnrin, wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé òkú ìyá wọn wọlé. Matilda yìí ló jogún oyè marshal àti Chepstow nígbà tí àwọn ọkùnrin tán. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí, tí kò ní òrùlé ṣùgbọ́n tí ògiri rẹ̀ ga débi tí ọrùn fi ń ro wá, Roger Bigod, ọmọ ọmọ Matilda, ló náwó sí i jù, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1301. Isabel ọmọ William ni ìyá ìyá baba Robert Bruce, ọba Scotland. Sibyl àbúrò rẹ̀ bí obìnrin méje! Eva àti Joan náà bí, ìdílé wọn sì tàn ká.

Nígbà tí mo dé ibi obìnrin méje, màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un sọ, kí n sì kọ orúkọ márààrún sílẹ̀ fún àwọn, àwọn fẹ́ kà á fún àwọn kan nílé.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ kí ẹ tó kúrò ní Tintern, nítorí bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Temple Church ní Lọ́ńdọ̀nù ló kàn wá báyìí, níbi tí ère òkúta William àti méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ti yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i wò, nítorí wọn kì í gba àlejò nígbà ìsìn.