Ẹ Tẹ̀lé Ẹ̀jẹ̀, Ẹ Má Tẹ̀lé Orúkọ Ilé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ìtàn Japan, mo ti ka èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́dún yìí. Ẹ tún ti kọ ọ́: pé ilé Kan'in, ẹ̀ka kan nínú ìdílé ọba Japan, ni ọba tó wà lórí ìtẹ́ lónìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni àwọn Kan'in tí wọ́n yọ kúrò nínú ìdílé ọba lọ́dún 1947. Ìdajì àkọ́kọ́ tọ̀nà. Ìdajì kejì ló gbé ọ̀rẹ́ mi ṣánlẹ̀.

Èkíní, ẹ má fi ojú oyè ilé wa wò ó. Níbí, ilé tí oyè bá kàn ló ń fa ọmọ oyè kalẹ̀. Ní Japan láyé àtijọ́, ẹ̀ka mẹ́rin ìdílé ọba, Fushimi, Katsura, Arisugawa àti Kan'in, kì í jẹ ẹ́ kárí. Wọ́n kàn wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí ọba bá wàjà láìní ọmọkùnrin ni.

Èkejì, ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi dá ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Arai Hakuseki, agbaninímọ̀ràn ṣógùn (olórí ogun tó ń ṣèjọba Japan nígbà náà), ló dámọ̀ràn Kan'in, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lọ́dún 1710. Nígbà tí Ọba Go-Momoyama wàjà lọ́dún 1779, tó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sáyé, inú ilé yìí ni wọ́n ti mú Kōkaku, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, wá jọba; òun ni baba ńlá ọba tòní.  

Ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ difẹ́ǹsì, olùyẹ̀wò kan bi ọ̀rẹ́ mi pé: "Ta ni bàbá Kotohito?" Kotohito yìí, ọmọ ọba tó ń jẹ́ orúkọ Kan'in, ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ètò ogun orí ilẹ̀ Japan láti 1931 sí 1940. Ọ̀rẹ́ mi ní Kan'in ni. Irọ́! Kuniie ti ilé Fushimi ló bí i; Kan'in ò ní àrólé ni wọ́n fi mú un wá lọ́dún 1872. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Fushimi ṣe wà nídìí gbogbo ilé mọ́kànlá tó kúrò lọ́dún 1947, èèyàn 51. Kí wọ́n tó bá ìran ọba pàdé lọ́dọ̀ baba ńlá kan, ó di ọ̀dọ̀ Sadafusa ti ilé Fushimi, bàbá Ọba Go-Hanazono tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1428.

Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ti buwọ́ lu orí yẹn láìkà á. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi lọ tún un ṣe, ọdún kan gbáko lọ, ọ̀gá ò sọ "pẹ̀lẹ́". Inú mi ò tíì rọ̀ sí i.

Torí náà, tí mo bá gba iṣẹ́ yín, ojú ìwé ìran ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Tí Kuniie ò bá sí níbẹ̀, màá dá a padà.