Ẹ́ńjìnnì tírọ́ọ̀kì nínú Chevelle: ibi tí owó ti ń jáde gan-an

Gbogbo ẹni tó bá ti rí Chevelle mi, mọ́tò Chevrolet àtijọ́, ní Houston níbí, eélòó ni mo ra ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí. Ẹ́ńjìnnì ò wọ́n jàre. Inú píkọ́ọ̀pù Chevrolet 1989 kan ló ti jáde, irú èyí tó ń lo táyà mẹ́rin lẹ́yìn, ìpẹtà ti jẹ bọ́dì ẹ̀ débi pé ẹni tó ni ín kàn fẹ́ kó kúrò lójú òun ni. 454 ni, ìyẹn 454 cubic inch, lítà 7.4, big-block (irú ẹ́ńjìnnì V8 ńlá ti Chevrolet, small-block ni wọ́n ń pe èyí tó kéré) tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi àti tírélà ẹṣin kiri Texas. Àwọn nǹkan tó yí ẹ́ńjìnnì yẹn ká ló jẹ owó mi, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan làwọn èèyàn máa ń sọ, wọn kì í sọ tàwọn ẹbí ẹ̀.

Mọ́tò yẹn, Malibu 1970 ni, kì í ṣe SS, ẹ̀yà tó lágbára jù, o, SS gidi ò ṣeé fọwọ́ palábapàlàbà mú. Small-block 307 ni wọ́n gbé sí i nílé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ tí kì í dààmú èèyàn, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí kò ní gbọ́. Ọdún 1970 yẹn náà ni General Motors gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tí wọ́n fi de ara wọn pé ẹ́ńjìnnì tó bá ju 400 cubic inch lọ ò gbọdọ̀ wọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé 454 sínú Chevelle nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní LS6 nínú wọn, agbára ẹṣin 450 ni wọ́n kọ sí ìwé ẹ̀. Ojúlówó ẹ̀ lónìí, àwọn olówó ló ń rà á. Ìdí nìyẹn tí irú tèmi fi ń wá big-block lábẹ́ tírọ́ọ̀kì.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí wọ́n ti ń ṣe mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ kí wọ́n tó wá sí Amẹ́ríkà, àwọn ni wọ́n bá mi ṣe é. Ọjọ́ tí mo fi ẹ́ńjìnnì hàn wọ́n, wọ́n pòṣé. "Àbúrò, ẹ́ńjìnnì akẹ́rù lo fẹ́ gbé sínú mọ́tò fáàjì? 230 mà ni gbogbo agbára ẹ̀!" Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, lóòótọ́ 230 ni, àmọ́ ẹ wo torque ẹ̀, agbára ìyípo tó fi ń fa ẹrù, 385 pound-feet, 1,600 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) péré ló sì ti ń gbé e wá. Mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, tí wọ́n ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà wo ló fẹ́ rí 5,600 RPM? Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ lèmi ti nílò agbára. Lẹ́yìn náà, 450 ayé ìjọ́un yẹn, orí irin ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, láìsí ọ̀pọ̀ ẹrù tí ẹ́ńjìnnì máa ń gbé nínú mọ́tò, ọdún 1972 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka agbára bó ṣe máa rí nínú mọ́tò gangan. Mi ò ní àwọn méjèèjì dọ́gba o, wọn ò dọ́gba rárá, LS6 ń fún àpòpọ̀ afẹ́fẹ́ àti epo ní ìlọ́po 11.25, ti tírọ́ọ̀kì ò tiẹ̀ pé 8. Àmọ́ epo octane 87 tó rọjú jù ló ń mu, inú mi sì dùn sí ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọdún ẹ́ńjìnnì dáadáa kí ẹ tó sanwó. 1989 tí mo mú yìí, ìran Mark IV ni, ìran kan náà pẹ̀lú àwọn ti 1970, torí náà púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ṣe fún ti àtijọ́ ló máa bá a mu. Tó bá ti di 1991, wọ́n ti yí i padà, síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì ti di oríṣi mìíràn, wọn ò sì fi àyè sílẹ̀ mọ́ fún pọ́ǹpù epo tó ń lo kámù. Ó ṣeé lò o, àmọ́ ìnáwó ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n ń ta "427" ní owó pọ́ọ́kú ńkọ́? Orí yín á wú, ẹ ó ti máa rí Corvette lójú àlá, àfi kó jẹ́ 427 tírọ́ọ̀kì ńlá ni, tall-deck, bíi ti 366, ẹ́ńjìnnì tírọ́ọ̀kì ńlá mìíràn. Bíláákì wọn fi 0.4 ínǹṣì ga ju ti mọ́tò lọ, pístìnnì wọn ní ríìnì mẹ́rin, mánífóòdù ti mọ́tò ò ní bò ó láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àwọn páìpù èéfín á sì tún sún síta. Ibẹ̀ ni mo ti sá.

Ibi tó ti dùn ni pé ojú bóòtì ẹ́ńjìnnì síìtì ara bíláákì small-block àti big-block, ọgbọọgba ni, ojú gíà náà bára mu. Gíà Turbo 400 tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni mo gbé pọ̀ mọ́ ọn, crossmember ẹ̀, irin tó gbé gíà dúró lábẹ́, sún sẹ́yìn, a ní láti gé pùròpẹ́là.

Ẹ̀gbọ́n gbé pélébé irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, flexplate, ti 307 sí ọwọ́ kan, ti 454 sí ọwọ́ kejì, wọ́n ní kí n wò ó. Ti 454 ní ègé irin kan tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wúwo sápá kan ni, torí ara kíráǹkì nìkan kọ́ ni ìwọ̀n 454 wà, ó wà lára pélébé yẹn àti púlì iwájú kíráǹkì (balancer). Ẹni tó bá fi ti 307 sí i, gbígbọ̀n ni ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n títí á fi ba nǹkan jẹ́.

Ọjọ́ tí a fẹ́ sọ ọ́ sínú mọ́tò gan-an lojú wa rí nǹkan. Ọ́ìlì sọ́mpù ti tírọ́ọ̀kì ò bá Chevelle mu, ti mọ́tò la fi sí i. Páìpù èéfín apá dírẹ́bà ò gba ọ̀nà òkè, kò gba ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀sì sítíárìn dúró bí ẹni pé ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. A tú ẹ́ńjìnnì síìtì, a fi jáàkì gbé apá yẹn sókè, ẹ̀gbọ́n sùn sílẹ̀ wọ́n ń ti páìpù láti abẹ́, èmi di orí ẹ̀ mú lókè, òógùn ń kán sí wọn lójú, wọ́n ń bú gbogbo ìran Chevrolet. Ìgbà tó wọlé, àlàfo tó wà láàárín òun àti sítíárìn, ìka ọwọ́ mi ò lè kọjá níbẹ̀. Màmá àwọn ọmọ yọjú láti kíṣìnnì, wọ́n ní "Dádì, ṣé ẹ máa jẹun lónìí báyìí?"

Mo sọ íńjẹ́ṣọ̀n ẹ̀ nù, mo fi kabúrétọ̀ sí i, ìyẹn náà fa dísíríbútọ̀ tuntun, torí ti ọdún 1989 yẹn, bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń sọ ìgbà tí iná máa tàn fún un, tí kò bá sí bíréènì bọ́ọ̀sì kò mọ nǹkan kan. Pọ́ǹpù epo íńjẹ́ṣọ̀n náà lágbára ju ohun tí kabúrétọ̀ lè gbà lọ. Ráàdíétọ̀ ńlá nípọn-nípọn, pẹ̀lú agbádá (shroud) tó yí fáànù ká, ẹ má fi tìyẹn ṣeré nínú ooru Houston. Síprínìn iwájú náà, mo pààrọ̀ ẹ̀, irin big-block fi ohun tó lé ní 100 pọ́ùn wúwo ju small-block lọ.

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ihò ẹ̀ kéré bí ẹ̀pà, mi ò yọ ọ́. Ihò kékeré yẹn ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa yára wọlé ní ìsàlẹ̀ tí mo ń sọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn yín ti mọ àga.

Ó ku bákì áásù. 10-bolt tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, agbára 307 ni wọ́n ṣe é fún, 12-bolt tó lágbára jù ú lọ tí mo ń wá báyìí, iye tí wọ́n ń pè é ti ju owó ẹ́ńjìnnì lọ. Kó tó dé, bí ọmọ Mustang kankan bá ń gbin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí iná tíráfíìkì, kó máa lọ, mo fún un ní ọ̀nà.