S16 ti Èkó, fíìmù tí ò jọ ti ojoojúmọ́

Ẹ̀yin tèmi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn fíìmù tẹ́ ẹ sì ń gbé Èkó tẹ́ ò tíì débi àjọ̀dún fíìmù S16 rí, ẹ̀ ń pàdánù o! C.J. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua ló dá a sílẹ̀, 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fíìmù kéékèèké làwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé wá, òmíì á rú yín lójú pátápátá (èmi ò tiẹ̀ gbádùn gbogbo ẹ̀), àmọ́ ẹ ò ní rí ìyá ọkọ àti ìyàwó tó ń jà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Obasi yìí náà ló ṣe fíìmù Mami Wata, dúdú àti funfun ni gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ kámẹ́rà inú ẹ̀ sì gba àmì ẹ̀yẹ ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2023. Ẹni tó bá ń lọ tọ̀tẹ̀ yìí kó pè mí, ká jọ há sínú gó-sìló.