Ẹ ṣí táńkì dísù yín wò kí ẹ tó gbé ọkọ̀ àtijọ́ jáde

Sọ fún àwọn tó mọ ọkọ̀ ojú omi pé o fẹ́ ra Westerly Centaur, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan, kí o wo bí ìmọ̀ràn ṣe máa ya lù ẹ́. Ẹnì kan á ní kí o yẹ ibi tí ẹsẹ̀ irin méjèèjì ti so mọ́ ìdí ọkọ̀ wò, torí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò lágbára tó níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí o fọwọ́ pa ara fáíbà rẹ̀ lábẹ́, bóyá ó ti ń yọ ròrẹ́ olómi. Òmíràn á béèrè ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọn wáyà tó di òpó mú gbẹ̀yìn, pé àwọn oníńṣọ́ránsì á béèrè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dárúkọ táńkì dísù. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí kí ara mi tó balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí mọ ìdí tí a fi ń rà á. Láàárín 1969 sí 1980 ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n lé ní 2,000, nítorí náà èyí tí ń bẹ lọ́jà kì í wọ́n, owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù ti tó o. Ẹsẹ̀ bàtà 26 péré ni gígùn rẹ̀, omi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sì ti tó láti gbé e léfòó. Bí omi bá fà lọ, á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú ẹrẹ̀, á máa retí kí omi padà. Fún àwa tí à ń gbé ní etí odò Medway ní England, tí omi Sheerness lẹ́nu odò náà máa ń fi ohun tó lé ní mítà márùn-ún gòkè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá kún, ibo la tún fẹ́ rí ọkọ̀ tó bá wa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ láti Harty Ferry, lórí Swale, omi tóóró tó ya erékùṣù Sheppey kúrò lára ilẹ̀. A gba ẹnu Swale ti ìlà oòrùn jáde, a sì yí gba àríwá Sheppey, kí omi tó ń wọlé lè máa gbé wa lọ sílé. Omi náà ń gbé wa lóòótọ́. Àmọ́ atẹ́gùn ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ wá pàdé rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ níbẹ̀: ìgbì kúkúrú tó dúró ṣánṣán, tí èyí tó tẹ̀ lé e ti dé kí imú ọkọ̀ tó jáde nínú ti ìṣáájú. Ojú wa gan-an ni atẹ́gùn dojú kọ, ìgbòkun kò lè gbé wa lọ tààrà. Ẹ́ńjìnnì là ń lò.

Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Medway, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún gbéra. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ pa á ni?"

"Èmi kọ́. Di ìtọ́kọ̀ mú."

Mo tẹ ẹ́ kó dìde, ó ń yí, kò gbà. Mo bọ́ sínú ilé ọkọ̀, mo ṣí àtẹ̀gùn kúrò lójú ẹ́ńjìnnì, mo tú ṣúrúù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lórí fílítà. Fóòmù ló ń ru jáde dípò dísù. Mo tú fílítà fúnra rẹ̀: ohun dúdú kan tó ń yọ̀, tó lẹ̀ mọ́ mi níka, bẹ́ẹ̀ fílítà tuntun ni. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Mo pààrọ̀ fílítà yẹn kí a tó já ọkọ̀ sómi nígbà ìrúwé, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.) Mo fi òmíràn sí i, mo ń fi ọwọ́ fún pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òórùn dísù gba gbogbo inú ilé, ọkọ̀ ń jù mí mọ́ ògiri. Ẹ́ńjìnnì dìde, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún kú.

Nígbà tí mo yọrí síta ni mo rí ọkọ̀ agbégáàsì tó ń lọ sí Isle of Grain, òun àti àwọn ọkọ̀ tó ń fà á. Lápá àríwá wa, òpó Richard Montgomery yọrí lójú omi, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó fọ́ síbẹ̀ ní 1944, tí nǹkan bí 1,400 tọ́ọ̀nù ohun abúgbàù ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Mi ò sọ pé a fẹ́ lọ kọ lù ú o, bójà wà yí i ká, ó sì jìnnà sí wa díẹ̀. Mò ń sọ ohun tí ojú mi rí ni. Omi ń gbé wa lọ níwájú, ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì lè yà fún wa nínú ọ̀nà tóóró yẹn.

Ó fun fèrè kúkúrú márùn-ún. Ẹ mọ ìyẹn: kò yé e ohun tí ẹ ń ṣe. Àbúrò ìyàwó mi ń bì, ó ń pe Jésù, àmọ́ kò fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run á bù kún un. Mo pe Medway VTS, àwọn tó ń darí ìrìn ọkọ̀ lórí odò náà, lórí ìkànnì rédíò 74. Ohùn ẹni tó dáhùn tutù pẹ̀sẹ̀. Ó béèrè ibi tí a wà, ó béèrè ohun tó ṣe wá, ó wá béèrè iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ìbéèrè yẹn bà mí lẹ́rù ju fèrè lọ. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Mo ní "méjì", ojú ìyàwó mi sì wá sí mi lọ́kàn, bí mo ṣe máa sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo...

A ṣí ìgbòkun iwájú dé ìdajì, a kọrí sí gúúsù, a ré ọ̀nà náà kọjá sí ibi tí omi kò jìn, a ju ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ kan tó ń kọjá fà wá dé Queenborough nírọ̀lẹ́. Ó parí.

Nísinsìnyí, táńkì. Ní ọjọ́ kejì, a yọ ọ́, a da ohun inú rẹ̀ sínú ike funfun. Ẹni tó bá ti rí bí ògì ṣe ń silẹ̀ tí omidùn ń wà lókè mọ ohun tí mo rí: dísù tó mọ́ kedere lókè, omi àti ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀. Omi ló ń kọ́kọ́ wọlé, láti ara afẹ́fẹ́ tó ń di ìrì nínú táńkì tí kò kún, tàbí láti ara rọ́bà tó ti gbó lára ìdérí ihò tí a ń gbà da dísù láti orí ọkọ̀. Dísù òde òní ní Bìrìtéènì, tó lè ní tó ìdá 7 nínú 100 epo tí wọ́n ṣe láti ara ohun ọ̀gbìn, tún máa ń fa omi mọ́ra ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á wá máa gbé ní ààlà omi àti dísù, òkú wọn àti ìgbẹ́ wọn sì ni ẹrẹ̀ yẹn. Bí ọkọ̀ bá so mọ́ èbúté, ó sinmi sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ tí ìgbì bá rú u ni páìpù á fà á. Kì í ṣe ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀gá tó yẹ ọkọ̀ wò fún mi kí n tó sanwó kọ ìwé gígùn, kò ṣí táńkì. Wọn kì í ṣí i, ó wà nínú àdéhùn wọn. Nítorí náà ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni: ẹ ṣí i fúnra yín. Ẹ ti páìpù rọ́bà tín-ínrín bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa ohun ìsàlẹ̀ sínú ìgò, ẹ jẹ́ kó dúró di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí omi tàbí ohun dúdú, ẹ fọ táńkì. Ẹ má kọ́kọ́ da oògùn apakòkòrò sí i: òkú wọn á kúkú wá dí fílítà, ó sàn kí ó jẹ́ lẹ́yìn fífọ̀. Ẹ jẹ́ kí táńkì kún ní ìgbà òtútù, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà ìdérí yẹn, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni pé kí ìgbòkun máa wà ní sẹpẹ́. Ó wà ní sẹpẹ́, òun ló yọ wá. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ kúrò níbi tó wà. Bí táńkì bá mọ́, a ò ní nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

A ti gbẹ́ ojú sórí táńkì, kí n lè máa fi ọwọ́ nù ún nínú lọ́dọọdún, mo sì ti fi fílítà onígò tó ń ya omi sọ́tọ̀ síwájú ti ẹ́ńjìnnì. Ìdérí méjì ni mo rà, ọ̀kan ló bá tèmi mu. Ẹni tó bá ní Centaur ní agbègbè Medway tó nílò èkejì, kó wá mú un, mi ò gba kọ́bọ̀.